Rárá Ni Iṣẹ́ Wa: Lẹ́tà Ṣíṣí sí Ẹ̀yin Awakọ̀ Èrò

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi tí ẹ ń wa ọkọ̀ èrò,

Mo kí yín kú ojú lójú títì, mo kí yín kú ìjókòó gbọọrọ. Èmi ti gbé kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ kalẹ̀ ní tèmi. Ojú mi kò ríran lóru bó ṣe ń rí tẹ́lẹ̀ mọ́, orúnkún òsì náà ti ní òun ò tẹ kílọ́ọ̀ṣì mọ́. Síbẹ̀, ẹni tó bá ti wakọ̀ èrò rí, iṣẹ́ náà kì í tán lára rẹ̀. Bí mo bá jókòó sẹ́yìn ọkọ̀ ẹlòmíràn lónìí, tí ọkọ̀ iwájú bá dúró lójijì, ẹsẹ̀ ọ̀tún mi á ti ta sílẹ̀, á máa wá bíréèkì níbi tí kò sí.

Bó ṣe rí fún mi nìyẹn lọ́jọ́ díẹ̀ sẹ́yìn, nínú bọ́ọ̀sì kan tó gbéra nírọ̀lẹ́. Ọ̀dọ́kùnrin tó wà á mọ ọkọ̀ wà, mi ò ní purọ́ mọ́ ọn. Ọwọ́ rẹ̀ rọ̀ lórí jíà, ó sì mọ ibi tí ara ọkọ̀ rẹ̀ parí sí lọ́tùn-ún lósì. Ṣùgbọ́n ẹni tó ni ọkọ̀ pè é lẹ́ẹ̀mẹta, ẹ̀ẹ̀mẹtẹ̀ẹ̀ta ló gbé ìpè náà, ó ń fi ọwọ́ kan wakọ̀. Èrò kan pariwo lẹ́yìn pé ọkọ̀ ń rá bí ìgbín, ó fi kún eré. Òmíràn ní kó já òun sílẹ̀ níbi tí títì ti ṣẹ́ kọ́ọ̀nà, ó dúró síbẹ̀, orí ló yọ wá lọ́wọ́ ọkọ̀ tó ń bọ̀ lẹ́yìn. A gúnlẹ̀ láyọ̀. Mi ò bá a wí lójú èrò, mo kàn dúpẹ́, mo sọ̀kalẹ̀. Àmọ́ oorun ò kùn mí lálẹ́ ọjọ́ náà. Gbogbo ohun tó yẹ kí wọ́n kọ́ ọmọ yẹn ni wọ́n ti kọ́ ọ, ó ku ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo. Ọ̀rọ̀ náà ni "rárá."

Òun ni mo fẹ́ bá gbogbo yín sọ. Iṣẹ́ ọwọ́ ni àwọn èèyàn ń pe iṣẹ́ wa, ṣùgbọ́n mo ti pẹ́ lẹ́yìn ìtọ́kọ̀ tó láti mọ̀ pé ọwọ́ nìkan kọ́ ló ń gbé èrò délé. Ẹnu wà ńbẹ̀: ẹnu tó lè sọ fún ọlọ́kọ̀, fún èrò, àti fún ẹni tó ni ẹnu náà gan-an, pé èyí ò ní ṣeé ṣe lónìí.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti orí èyí tó le jù, ìyẹn rárá tí èèyàn ń sọ fún ara rẹ̀. Ẹ̀ṣẹ̀ tèmi ni mo máa kọ́kọ́ jẹ́wọ́. Mo ti lé díẹ̀ ní ọmọ ọgbọ̀n ọdún nígbà náà. Mo wakọ̀ látàárọ̀ ṣúlẹ̀, mo fẹ́ máa lọ sílé, ni wọ́n bá ní dírẹ́bà tó yẹ kó gba iṣẹ́ òru kò wá, ṣé mo lè bá wọn gbé e. Mo ní kò séwu. Owó ló kún ojú mi. Nígbà tó fi máa tó nǹkan bí aago mẹ́rin ìdájí, títì tẹ́jú, ó gún régé, gbogbo èrò ti sùn lọ. Mo ṣí gíláàsì kí atẹ́gùn lè máa gbá mi lójú. Mo ń kọrin lábẹ́lẹ̀. Ohun tí mo gbọ́ tẹ̀lé e ni ìró òkúta wẹ́wẹ́ lábẹ́ táyà. Ọkọ̀ ti ń kúrò lójú títì, igi kan sì wà níwájú tí mi ò mọ ìgbà tó débẹ̀. Mo rọra fà á padà. Ọmọdé kan jí, ó bi ìyá rẹ̀ bóyá a ti dé, ìyá rẹ̀ ní rárá, kó padà sùn. Ọmọ náà padà sùn. Yàtọ̀ sí èmi, kò sẹ́ni tó mọ̀. Mo wá ibi tó dáa gúnlẹ̀ sí, mo sọ̀kalẹ̀, mo dúró ti táyà iwájú, gbogbo ara mi ń gbọ̀n.

(Obìnrin yẹn, nínú oorun rẹ̀, mọ rárá í sọ jù mí lọ.)

Ó pẹ́ kí n tó mọ ohun tó ṣe mí. Kì í ṣe oorun bíi ti ẹni tó lọ dùbúlẹ̀. Ọpọlọ ló ṣẹ́ ara rẹ̀ kú bí iná fún ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́ta tàbí mẹ́rin, ojú lè wà ní ṣíṣí pàápàá nígbà tó bá ń ṣẹlẹ̀. Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀. Ọkọ̀ tó ń sá kìlómítà 100 ní wákàtí kan ń gbà tó mítà 28 kọjá ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Bí a bá sọ ọ́ di mẹ́rin, ó ti lé ní mítà 110, ó gùn ju pápá bọ́ọ̀lù lọ láti ẹnu ilé kan dé èkejì. Bọ́ọ̀sì tó kún bámúbámú la pápá bọ́ọ̀lù já, kò sì sẹ́ni kankan tó ń wà á.

Ní ọdún 1997, àwọn olùwádìí kan ní Ọsirélíà gbé àbájáde kan jáde tó yẹ kí wọ́n lẹ̀ mọ́ iwájú gbogbo ìtọ́kọ̀. Wọ́n rí i pé ẹni tó bá ti lajú sílẹ̀ fún wákàtí 17 láìsùn, bí ara rẹ̀ ṣe ń dáhùn sí nǹkan kò yàtọ̀ sí ti ẹni tí ọtí inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ti tó 0.05 nínú ọgọ́rùn-ún. Iye yẹn ni ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè fi ṣe òpin tí awakọ̀ ò gbọdọ̀ kọjá. Bó bá fi máa pé wákàtí 24 láìsùn, ó ti dà bí ẹni tó wà ní 0.10. Ẹ wá wo àwa kan tí a kì í fẹnu kan ọtí, tí a sì ń fi ìyẹn yangàn. A jí ní aago mẹ́rin ìdájí, ó ti di aago mẹ́wàá alẹ́, a ṣì ń gbé èrò. A ò mu, a ti yó.

Ara ẹ̀dá ní àsìkò tirẹ̀ tó máa ń rẹ̀ ẹ́ jù: láàárín aago méjì òru sí mẹ́fà ìdájí, àti lọ́sàn-án lẹ́yìn aago méjì títí dé nǹkan bíi mẹ́rin. Kò sí bí èèyàn ṣe lágbára tó, àsìkò yẹn á wá bá a. Rédíò tó ń pariwo kò lè lé e lọ, gíláàsì ṣíṣí ò lè lé e lọ, ìṣẹ́jú díẹ̀ ni wọ́n máa fún yín, wọ́n á sì tún gbà á padà. Àmì rẹ̀ kò fara sin: ẹ kọjá ibi tó yẹ kí ẹ yà sí, ẹ ò rántí bí ẹ ṣe wa kìlómítà mélòó kan tó kọjá, orí ń wúwo, yíyán ò dáwọ́ dúró, ọkọ̀ ń rìn lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ díẹ̀díẹ̀ tí ẹ ń fà á padà. Ní kété tí ẹ bá ti rí ọ̀kan nínú wọn, ẹ wá ibi tó láàbò, kì í ṣe etí títì, kí ẹ sùn fún ìṣẹ́jú 15 sí 20. Bí ẹ bá ń mu kọfí, ẹ mu ún kí ẹ tó dijú, nítorí ó máa ń tó nǹkan bí ìlàjì wákàtí kó tó ṣiṣẹ́, ẹ ó jí bá a. Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe fi kọfí rọ́pò ibùsùn. Gbèsè ni oorun, kọfí kàn ń bá yín sún ọjọ́ ìsanwó síwájú ni.

Àwọn tó ń ṣòfin náà ti rí i pé a ò lè fi èyí sílẹ̀ fún ọkàn dírẹ́bà nìkan. Àjọ ILO tó ń rí sí ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ lágbàáyé ṣe àdéhùn kan ní 1979, òun ni wọ́n fún ní nọ́ńbà 153. Ó ní kí awakọ̀ má wakọ̀ ju wákàtí mẹ́rin lọ lẹ́ẹ̀kan láìsinmi, kí àpapọ̀ wákàtí ìwakọ̀ má ju mẹ́sàn-án lọ lójúmọ́ tàbí 48 lọ́sẹ̀, kó sì ní ìsinmi wákàtí mẹ́wàá gbáko láàárín wákàtí 24. Orílẹ̀-èdè tó fọwọ́ sí i kò pọ̀. Ní Yúróòpù, òfin tiwọn ní bí bọ́ọ̀sì bá ti rìn fún wákàtí mẹ́rin àbọ̀, awakọ̀ gbọ́dọ̀ sinmi fún ìṣẹ́jú 45, ẹ̀rọ kan sì wà nínú ọkọ̀ tó ń kọ gbogbo wákàtí náà sílẹ̀, kò sí bí èèyàn ṣe máa sọ pé òun ò wà ńbẹ̀. Ní Amẹ́ríkà, awakọ̀ èrò kò gbọdọ̀ wakọ̀ ju wákàtí mẹ́wàá lọ lẹ́yìn tó bá ti sinmi fún mẹ́jọ. Nọ́ńbà wọn yàtọ̀ síra, ohun kan náà ni gbogbo wọn ń sọ. Bí òfin ibi tí ẹ wà bá dákẹ́ lórí wákàtí, ara yín ò dákẹ́ o.

Lórí ọ̀rọ̀ ọtí, mi ò ní fi àkókò yín ṣòfò. Ẹni tó bá ń gbé èrò kò gbọdọ̀ mu ún kó tó wakọ̀, kì í ṣe díẹ̀, kì í ṣe nítorí òtútù. Èyí tí a máa ń gbàgbé ni oògùn. Ọ̀pọ̀ oògùn ikọ́ àti ti ara yíyún ló ń mú oorun wá. Ẹ bi ẹni tó tà á fún yín pé "ṣé mo lè wakọ̀ lẹ́yìn èyí?" kí ẹ tó gbé e mì.

Ó yá, rárá kejì: ti èrò.

Èrò ń pariwo nítorí kò mọ̀. Kò rí ohun tí ẹ ń rí. Ẹni tó bá ní kí ẹ sáré, ìṣirò ni kí ẹ ṣe nínú ọkàn yín, ẹ má bá a jiyàn. Ọ̀nà tó jẹ́ kìlómítà 100, bí ẹ bá ń sá 80, wákàtí kan àti ìṣẹ́jú 15 ni ẹ ó fi dé. Bí ẹ bá sá 100, wákàtí kan gééré. Bí ẹ bá wá fi eré ìkà sá 120, ìṣẹ́jú mẹ́wàá péré ni ẹ jèrè lórí ti 100. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá! Èrò náà á ná gbogbo rẹ̀ tán níbi tó ti ń wá ẹrù rẹ̀ nígbà tó bá sọ̀kalẹ̀.

Ẹ wá wo ohun tí ẹ fi ra ìṣẹ́jú mẹ́wàá náà. Ìwé òfin ojú pópó àwọn Gẹ̀ẹ́sì ní mọ́tò kékeré tó ń sá kìlómítà 48 máa ń gba mítà 23 kó tó dúró, láti ìgbà tí awakọ̀ ti rí ewu. Bí eré náà bá di 112, mítà 96 ló máa gbà. Eré fi díẹ̀ lé ní ìlọ́po méjì, ibi tí ọkọ̀ máa dúró sí ti jìnnà ju ìlọ́po mẹ́rin lọ. Títì gbígbẹ ni wọ́n sì fi ṣírò yẹn, pẹ̀lú mọ́tò kékeré tí bíréèkì rẹ̀ pé, kì í ṣe bọ́ọ̀sì tí èrò àti ẹrù kún inú rẹ̀. Ìdí ni pé agbára tó wà nínú ọkọ̀ tó ń sáré kì í fi ìwọ̀n kan náà pọ̀ pẹ̀lú eré. Bí eré bá di ìlọ́po méjì, agbára ti di ìlọ́po mẹ́rin, gbogbo rẹ̀ ni bíréèkì gbọ́dọ̀ gbé mì. Èyí tí bíréèkì ò bá rí gbé mì, ohun tó wà níwájú ni yóò gbé e, tàbí àwọn èèyàn inú ọkọ̀. Àjọ Ìlera Àgbáyé tilẹ̀ sọ pé bí ìpíndọ́gba eré bá fi ìdá kan péré nínú ọgọ́rùn-ún lé sí i, ewu ìjàǹbá tó ń pa èèyàn á fi nǹkan bí ìdá mẹ́rin lé sí i.

Àdéhùn kan tún wà tí ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè ṣe ní Vienna ní 1968 lórí ìrìnnà ojú pópó. Ohun kan wà nínú rẹ̀ tí mo fẹ́ràn: ó ní eré tí awakọ̀ máa sá gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tó lè dúró láàárín ibi tí ojú rẹ̀ ríran dé. Ẹ ronú sí i dáadáa. Lóru, ibi tí iná ọkọ̀ yín mọ ni ojú yín ríran dé. Ní kọ́ọ̀nà, ibi tí kọ́ọ̀nà ti gbà yín láyè ni. Nínú òjò tó ń rọ̀ bí ẹní da omi, ó lè má ju ẹ̀yìn ọkọ̀ tó wà níwájú lọ. Pátákó tó kọ 80 sára kì í ṣe àṣẹ pé kí ẹ sá 80, òpin ni, fún ọjọ́ tí gbogbo nǹkan bá dára.

Ohun tí mo máa ń wí fún wọn ni pé, "Mo gbọ́ yín o. Ẹni tó ń kánjú, àná ló yẹ kó ti gbéra." Wọ́n á rẹ́rìn-ín, ọ̀rọ̀ á tán. Bí wọn ò bá rẹ́rìn-ín, ọ̀rọ̀ ṣì tán náà ni.

Rárá fún èrò kò mọ sórí eré. Ẹni tó ní kí ẹ já òun sílẹ̀ ní kọ́ọ̀nà, lórí afárá, tàbí ní ẹ̀gbẹ́ tí ọkọ̀ ń gbà kọjá, rárá. Ẹni tó fẹ́ fi ẹrù dí àárín ọkọ̀ tàbí ẹnu ilẹ̀kùn pàjáwìrì, rárá, nítorí bí iná bá sọ, ìṣẹ́jú díẹ̀ ni gbogbo èrò ní láti jáde, orí ẹrù yẹn sì ni wọ́n máa kọ́kọ́ ṣubú lé. Ẹni tó fẹ́ dúró sẹ́nu ilẹ̀kùn tó ṣí sílẹ̀ nígbà tí ọkọ̀ ń lọ, ẹ má tilẹ̀ bá a sọ̀rọ̀ púpọ̀, ọkọ̀ ò ní gbéra. Ọkọ̀ èrò ò gbọdọ̀ mira kí ilẹ̀kùn tó tì, kí arúgbó àti aláboyún tó rí ibi jókòó sí. Mo ti rí ìyá arúgbó tó ṣẹ́ eegun ìdí nínú ọkọ̀ tí kò kọlu nǹkankan, tí kò sáré rárá. Dírẹ́bà kàn ṣí kílọ́ọ̀ṣì lójijì nígbà tí ìyá náà ṣì ń wá ibi tó máa fọwọ́ dì mú ni.

Àwọn ọmọdé ni kí ẹ máa bẹ̀rù jù. Bí ọmọdé bá sọ̀kalẹ̀, iwájú ọkọ̀ ló máa ń gbà sọdá, kò sì ga tó ohun tí ojú yín lè rí láti orí ìjókòó. Ẹ kà wọ́n bí wọ́n ṣe ń sọ̀kalẹ̀, kí ẹ tún kà wọ́n bí wọ́n ṣe ń yọ ní òdìkejì, kí ẹ tó tú bíréèkì.

Ní ti àlàfo tó wà láàárín yín àti ọkọ̀ iwájú, ẹ yan òpó kan létí títì. Nígbà tí ẹ̀yìn ọkọ̀ iwájú bá kọjá lára rẹ̀, ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìṣẹ́jú-àáyá. Fún mọ́tò kékeré, wọn kì í fẹ́ kó dín sí méjì. Fún bọ́ọ̀sì tó kún, mo máa ń ka mẹ́rin, bí òjò bá rọ̀ mo máa ń ka mẹ́jọ. Àwọn kan á wọ inú àlàfo yẹn. Ẹ jẹ́ kí wọ́n wọ̀ ọ́, kí ẹ rọra sún sẹ́yìn, ẹ tún bẹ̀rẹ̀ sí í kà. Èyí máa ń bí àwọn dírẹ́bà kékeré nínú ju gbogbo nǹkan lọ, wọ́n gbà pé ẹni tó wọ iwájú àwọn ti rí àwọn fín. Bí ẹ bá ti dàgbà díẹ̀ sí i lẹ́nu iṣẹ́, ẹ ó rí i pé kò tilẹ̀ mọ̀ yín rí.

Rárá kẹta ni ti ọlọ́kọ̀, òun ló sì ń fi oúnjẹ sẹ́nu yín, mo mọ̀.

Bí bíréèkì bá ń lọ sílẹ̀ gbòò kó tó mú, ẹ má gbé ọkọ̀ yẹn jáde. Bí wọ́n bá ní "lọ bá wa gbé tòní yìí ná," ọkọ̀ ò mọ̀ pé tòní ni. Kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa, mo máa ń yí ọkọ̀ ká lẹ́ẹ̀kan: táyà, iná, dígí, wáípà, omi, epo tó ń jò sílẹ̀. Màá wọlé, màá tẹ bíréèkì kí ọkọ̀ tó rìn, màá sì tún dán an wò nígbà tí ọkọ̀ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ mira. Kì í gbà ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ. Ẹ wo ìyẹn, ìṣẹ́jú mẹ́wàá tí èrò fẹ́ kí n fi eré jèrè náà rèé.

Táyà tún ní àṣírí kan tí ọ̀pọ̀ wa ò mọ̀. Lára rẹ̀, lẹ́yìn lẹ́tà DOT, nọ́ńbà mẹ́rin wà ní ìparí. Méjì àkọ́kọ́ ni ọ̀sẹ̀ tí wọ́n ṣe é, méjì tó kẹ́yìn ni ọdún. Bí ẹ bá rí 2319, ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógún ọdún 2019 ni. Táyà lè ní ojú tó jin síbẹ̀ kó ti gbó láti inú, kó máa sán wẹ́wẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́. Atẹ́gùn tí kò tó ló sì ń pa á jù, nítorí ó máa ń jẹ́ kó tẹ̀, kó gbóná, títí tó fi máa bẹ́ lórí eré. Ẹ wọn atẹ́gùn náà láàárọ̀ kí ọkọ̀ tó rìn, kì í ṣe lẹ́yìn tó ti gbóná tán.

Òkè gígùn náà ń pa dírẹ́bà tó mọ̀wé. Bí ẹ bá ń sọ̀ kalẹ̀, ẹ wọ jíà kékeré láti òkè pátápátá, kí ẹ́ńjìnnì bá yín di ọkọ̀ mú. Ẹni tó bá ń fi bíréèkì nìkan sọ̀ kalẹ̀, bíréèkì á gbóná, á sì dé ibì kan tí ẹsẹ̀ máa tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ tí kò ní mú mọ́. Ẹ ò tún ní ráyè wọ jíà nígbà yẹn.

Ní ti fóònù, ẹ bá ọlọ́kọ̀ ṣe àdéhùn kí ọkọ̀ tó gbéra: "Bí mo bá ń wakọ̀, mi ò ní gbé e. Bí mo bá dúró, màá pè yín." Àjọ Ìlera Àgbáyé ní awakọ̀ tó ń lo fóònù sún mọ́ ìjàǹbá ní nǹkan bí ìlọ́po mẹ́rin ju ẹni tí kò lò ó lọ. Èyí tí wọ́n ń fi sétí láìfọwọ́ mú fóònù kò fi bẹ́ẹ̀ sàn jù, torí ọkàn ló ń bá ẹni tó pe èèyàn lọ, ọwọ́ kàn ṣẹ́kù sórí ìtọ́kọ̀ ni.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ̀yin ọlọ́kọ̀, bí lẹ́tà yìí bá tẹ̀ yín lọ́wọ́, ẹ má rò pé ti dírẹ́bà nìkan ni. Bí ẹ bá ń san owó fún dírẹ́bà lórí iye ìgbà tó bá lọ tó bá bọ̀, ẹ̀yin lẹ gbé ẹsẹ̀ lé ìtẹsáré yẹn, ẹsẹ̀ tirẹ̀ kàn wà lókè ti yín ni. Bí ẹ bá yọ owó ẹni tó ní ọkọ̀ ò dára, ẹ ti kọ́ gbogbo àwọn yòókù láti dákẹ́. Wọ́n á sì dákẹ́.

Bẹ́líìtì. Nils Bohlin, onímọ̀ ẹ̀rọ ní ilé-iṣẹ́ Volvo, ló ṣe èyí tó gba èjìká àti ìbàdí tí gbogbo wa ń lò, ní ọdún 1959, ilé-iṣẹ́ náà sì jẹ́ kí àwọn tó kù máa lò ó lọ́fẹ̀ẹ́. Ó lè dín ewu ikú ẹni tó jókòó síwájú kù dé ìdajì. Ṣùgbọ́n ìdí kan wà tí kò sí nínú ìwé púpọ̀, tó jẹ́ pé ti awakọ̀ èrò nìkan ni. Bí ọkọ̀ bá kọ́kọ́ gbá nǹkan, tàbí tó bọ́ sí kòtò, dírẹ́bà tí kò de bẹ́líìtì á kúrò lórí ìjókòó. Ìjàǹbá ò tíì parí nígbà yẹn, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ni, kò sì sẹ́ni tó di ìtọ́kọ̀ mú mọ́. Ẹ dè é kí ẹ lè wà níbi iṣẹ́ yín.

Bí ó bá ṣẹlẹ̀ bẹ́ẹ̀, kí ó má ṣẹlẹ̀, ẹ má sá. Mo mọ̀ pé ẹ̀rù máa ń bani, mo mọ ohun tí ogunlọ́gọ̀ tó ń bínú lè ṣe. Bí ẹ bá gbọ́dọ̀ sún kúrò nítorí ẹ̀mí yín, ọ̀dọ̀ ọlọ́pàá ni kí ẹ gbà lọ tààrà. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹ pa ẹ́ńjìnnì, ẹ tan iná ìkìlọ̀, ẹ kó èrò tó lè rìn kúrò lójú títì pátápátá, ẹ gbé àmì onígun mẹ́ta sẹ́yìn ọ̀nà jíjìn, ẹ ké sí àwọn tó ń gba ẹ̀mí là. Ẹni tó farapa, ẹ má fà á yọ àyàfi bí iná tàbí nǹkan mìíràn bá fẹ́ pa á níbẹ̀. Lẹ́yìn náà ẹ ka iye èèyàn yín, bí ẹ ṣe kà wọ́n nígbà tí wọ́n ń wọlé. Ẹ ń kà wọ́n nígbà tí wọ́n ń wọlé, àbí?

Àwọn tó ń kú lójú pópó lágbàáyé lọ́dọọdún ti tó nǹkan bíi mílíọ̀nù kan àti ẹgbẹ̀rún 190. Àjọ Ìlera Àgbáyé kan náà ló kà wọ́n, ó sì ní kò sí ohun tó ń pa àwọn tó wà láàárín ọmọ ọdún 5 sí 29 tó èyí. Mo wo nọ́ńbà yẹn títí, kò wọ̀ mí lára bó ṣe yẹ. Ọmọ tó jí lóru ọjọ́sí, tó béèrè bóyá a ti dé, òun ló wọ̀ mí lára. Bó bá wà láàyè, á ti tó ẹni tí òun náà bímọ báyìí. Kò mọ̀ mí, kò sì mọ ohunkóhun nípa igi yẹn.

Ó ku ẹyọ kan. Mo ṣì ń wọ ọkọ̀ yín o, mo fẹ́ràn ìjókòó tó tẹ̀ lé ti dírẹ́bà. Bí ẹ bá wo dígí inú, tí ẹ rí bàbá kan tó ń fi ẹsẹ̀ ọ̀tún tẹ ilẹ̀ ọkọ̀ mọ́lẹ̀ bí ẹni pé bíréèkì wà níbẹ̀, èmi ni. Ẹ má dá mi lóhùn. Ẹ máa wo iwájú.

Èmi ni tiyín,
Dírẹ́bà kan tó ti fẹ̀yìn tì